Ẹgbẹ́ Wo, Jọ́nà Wo? Ìfiwéra fún Ẹni Tó Ń Ṣèwádìí Fíìmù, Mídíà àti Àṣà

Ẹni méjì lè jọ wà ní ẹ̀ka ìmọ̀ kan náà ní yunifásítì, kí ọ̀kan máa kọ nípa fíìmù, kí èkejì máa kọ nípa mídíà, síbẹ̀ kí jọ́nà (ìwé àtìgbàdégbà tó ń gbé iṣẹ́ ìwádìí jáde) tí ọ̀kan ń gbójú lé má fẹ́ rí iṣẹ́ èkejì sójú. Kì í ṣe pé ọ̀kan mọ̀wé ju èkejì lọ. Agbo tí kálukú ti wá ló yàtọ̀. Agbo kan ti inú lítíréṣọ̀ àti iṣẹ́ ọnà jáde: fíìmù fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń tú palẹ̀, bí kámẹ́rà ṣe rìn, bí wọ́n ṣe to ìtàn, ohun tí àwòrán sọ tí ẹnu kò sọ. Agbo kejì ti inú ìmọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ àti ìmọ̀ àwùjọ jáde: ta ló ń wò ó, ta ló ni ilé iṣẹ́ tó gbé e jáde, òfin wo ló dè é, kí ló ń sún èèyàn ṣe. Àwọn onímọ̀ àṣà wà láàárín, wọ́n ń yá nǹkan lọ́wọ́ agbo méjèèjì, wọ́n sì ń bá méjèèjì jiyàn.

Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń kọ́kọ́ béèrè jọ́nà tó lókìkí jù, wọ́n á wá fi oṣù mẹ́fà dúró de èsì láti ibi tí wọn ò ti ní gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láé. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé, ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?

Owó ẹgbẹ́ kì í ra àyè nínú jọ́nà

Ẹ jẹ́ ká tètè mú èyí kúrò lọ́nà. Bí ẹ bá san owó ẹgbẹ́, ẹ ti ní ẹ̀tọ́ láti kópa nínú àpérò wọn, láti dìbò, láti máa gba ìkéde wọn, nígbà mìíràn láti máa ka jọ́nà wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí ibi tí wọ́n ti ṣèlérí pé àwọn á tẹ iṣẹ́ yín. Ní ọ̀pọ̀ jọ́nà pápá yìí, àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò kì í mọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó kọ ọ́ náà kì í mọ orúkọ wọn, nítorí náà iye ọdún tí ẹ ti lò nínú ẹgbẹ́ kò lè ṣe yín lóore kankan níwájú wọn. Ohun kan ni kí ẹ ṣọ́: àwọn jọ́nà ẹgbẹ́ kan lè ní kí òǹkọ̀wé tí wọ́n ti gba iṣẹ́ rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ kí iṣẹ́ náà tó jáde. Ìtọ́ni fún òǹkọ̀wé ni kí ẹ ti wò ó.

Àwọn ẹgbẹ́ ńlá márùn-ún

| Ẹgbẹ́ | Ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀ | Ìgbà àpérò | Jọ́nà tó so mọ́ ọn |
|---|---|---|---|
| SCMS (Society for Cinema and Media Studies) | 1959 | Ọdọọdún, oṣù kẹta sí ìkẹrin | JCMS |
| NECS (European Network for Cinema and Media Studies) | 2006 | Ọdọọdún, oṣù kẹfà | NECSUS |
| ICA (International Communication Association) | 1950 | Ọdọọdún, oṣù karùn-ún sí ìkẹfà | Journal of Communication àti àwọn mìíràn |
| IAMCR (International Association for Media and Communication Research) | 1957 | Ọdọọdún, nǹkan bí oṣù kẹfà sí ìkeje | Kì í ṣe jọ́nà ni agbára rẹ̀ |
| ACS (Association for Cultural Studies) | 2002 | Ọdún méjì-méjì | Kì í ṣe jọ́nà ni agbára rẹ̀ |

Àtẹ yìí kò sọ ohun tó ṣe pàtàkì jù, ìyẹn irú èèyàn tí ẹ máa bá pàdé níbẹ̀.

SCMS ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ fíìmù kà sí ilé. Amẹ́ríkà ni ibùjókòó rẹ̀. Society of Cinematologists ni wọ́n ń pè é ní 1959, ó di 2002 kí ọ̀rọ̀ Media tó wọ orúkọ rẹ̀, ó sì di 2018 kí jọ́nà wọn, Cinema Journal, tó yí orúkọ tirẹ̀ padà sí JCMS (Journal of Cinema and Media Studies). Ọdún 16 gbáko láàárín orúkọ ẹgbẹ́ àti orúkọ jọ́nà! Ẹ fi ìyẹn mọ bó ṣe pẹ́ tó kí ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n, géèmù àti íntánẹ́ẹ̀tì tó rí ìjókòó láàárín àwọn tí fíìmù jẹ lógún. Lónìí, ìjókòó ti wà. Àpérò wọn tóbi débi pé ọ̀pọ̀ ìjókòó ló ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà ní yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tí kò bá wá ẹgbẹ́ kéékèèké inú rẹ̀ á kàn máa rìn káàkiri ni. Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké yẹn, tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ìwádìí kan pàtó tàbí fún àwọn èèyàn kan pàtó, ni mo gbà pé ó tó owó tí ẹ san.

ICA gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ, bóyá jù fún ẹlòmíràn. Ibẹ̀ lẹ ó ti bá ẹni tó ń ṣèwádìí ìkéde ìlera, ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ òṣèlú lórí Facebook, àti ẹni tó ń wo bí ọmọdé ṣe ń lo fóònù. Onímọ̀ fíìmù tó bá débẹ̀ láìmúra lè rò pé òun ṣìnà. Àmọ́ bí iṣẹ́ yín bá dá lé àwọn òǹwòran, tí ẹ ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ìbéèrè àkọsílẹ̀ tàbí dátà, ICA á gbọ́ èdè yín kíákíá, SCMS sì lè máa béèrè lọ́wọ́ yín pé fíìmù náà ńkọ́.

Ìyàtọ̀ kan wà láàárín àwọn méjèèjì tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn ju òkìkí lọ. SCMS ń gba àbá kúkúrú ní nǹkan bí oṣù kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án fún àpérò ọdún tó ń bọ̀. Ẹ lè fi ìròyìn iṣẹ́ tí kò tíì parí ránṣẹ́, kí ẹ wá kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ máa kà nígbà tí àpérò bá kù díẹ̀. ICA ń ti ilẹ̀kùn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, odindi àpilẹ̀kọ ló sì ń fẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ẹ̀ka kan ń gba àṣamọ̀ gígùn, ìyẹn àkópọ̀ ohun tí àpilẹ̀kọ fẹ́ sọ. Àwọn olùyẹ̀wò á kà á láìmọ ẹni tó kọ ọ́. Èyí le, ṣùgbọ́n èrè wà níbẹ̀: ẹni tó bá ti ICA dé ti ní ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di àpilẹ̀kọ jọ́nà lọ́wọ́. Ẹni tó ti SCMS dé sábà máa ń ní ojú ìwé bíi mẹ́jọ tó dùn ún kà sétí, tí iṣẹ́ gidi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kù lórí rẹ̀.

Owó náà ní ìtàn tirẹ̀. SCMS ń wo iye tí ẹni kọ̀ọ̀kan ń gbà lọ́dún kó tó sọ iye tó máa san. ICA àti IAMCR ń wo orílẹ̀-èdè, bóyá olówó ni tàbí tálákà, wọ́n sì ń gé owó fún àwọn tó wà ní orílẹ̀-èdè tí kò lówó. Nítorí náà, olùkọ́ onígbà-díẹ̀ tí owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan ní orílẹ̀-èdè olówó á rí SCMS bí ọ̀rẹ́, ICA á sì ni ín lára. Fún ẹni tó ń gbé ní orílẹ̀-èdè tí owó rẹ̀ kò lágbára, ọ̀nà IAMCR ló sábà rọrùn jù. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó yọ̀, ẹ rántí pé owó ọmọ ẹgbẹ́ ni ó kéré jù nínú gbogbo rẹ̀. Físà, ọkọ̀ òfuurufú àti òtẹ́ẹ̀lì ni àwọn tó ń gbé owó lọ, ìdínkù owó ẹgbẹ́ kì í sì gé ìyẹn.

IAMCR bẹ̀rẹ̀ ní 1957 pẹ̀lú ìtìlẹ́yìn UNESCO, èdè mẹ́ta ló sì fi ń ṣiṣẹ́: Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Sípéènì. Bí ẹ bá ń kọ̀wé ní Faransé tàbí Sípéènì, ẹ lè dá ìfiwéra dúró níbí. Ọ̀rọ̀ àìdọ́gba láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, ta ló ń ròyìn ta, ta ló ni wáyà àti sátẹ́láìtì, ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹgbẹ́ yìí láti ìgbà tí àríyànjiyàn lórí ètò ìròyìn tuntun fún àgbáyé ń gbóná ní UNESCO ní àwọn ọdún 1970. Ẹni tó bá ń kọ nípa òwò mídíà, ìlànà ìjọba tàbí agbára àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá kò ní dá nìkan wà níbẹ̀.

ACS ni ti àwọn onímọ̀ àṣà. Àpérò wọn, Crossroads in Cultural Studies, ṣáájú ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀: 1996 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Tampere ní Finland, ìlú yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ sì ti fìdí múlẹ̀ ní 2002. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbé e kiri: Istanbul ní 2006, Kingston ní Jamaica ní 2008, Hong Kong ní 2010, Sydney ní 2016, Shanghai ní 2018. Kò sí ẹgbẹ́ nínú márààrún tí ẹ ti lè sọ̀rọ̀ nípa orin, aṣọ, fíìmù àti ọjà nínú ìjókòó kan ṣoṣo bí ti ibẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ọdún méjì-méjì ni, ẹni tó ń wá iṣẹ́ kò sì lè máa dúró dè é.

NECS ní tirẹ̀ kéré, ó sì yá mọ́ni. Ọdún 2006 ni wọ́n dá a sílẹ̀, oríṣiríṣi ìlú ní Yúróòpù ni àpérò ń lọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ onípò gíga sì sábà máa ń ní ìpàdé tiwọn kí àpérò gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè àpérò àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹni tó ń kọ nípa fíìmù lọ, NECS ni màá kọ́kọ́ dárúkọ kí n tó dárúkọ SCMS.

Àwọn ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè náà wà: BAFTSS (ti fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n) àti MeCCSA (ti mídíà àti àṣà) ní Brítéènì, àti ẹgbẹ́ onímọ̀ fíìmù àti mídíà ní Kánádà tó ń lo Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pọ̀. Wọ́n dára fún ẹni tó bá wà nítòsí.

Ẹ má fojú di àwọn kéékèèké

Bí iṣẹ́ yín bá há mọ́ ibi kan, ẹ lọ síbi tó há. Domitor, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1985, kò ní iṣẹ́ mìíràn ju fíìmù ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ lọ, títí dé nǹkan bí 1915. IAMHIST wà fún àwọn òpìtàn mídíà, jọ́nà rẹ̀ sì ni Historical Journal of Film, Radio and Television. AMIA jẹ́ ti àwọn tó ń tọ́jú fíìmù àti fídíò, òun ló ni The Moving Image. FIAF, tó ti wà láti 1938, jẹ́ àjọ àwọn ilé ìfipamọ́ fíìmù, kì í ṣe ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ ṣì yín lọ́nà. Visible Evidence kì í tilẹ̀ ṣe ẹgbẹ́ bíi ti àwọn tó kù. Àpérò lórí fíìmù ajẹmótìítọ́ ni, láti 1993.

Ní SCMS, ẹ lè ka bébà yín níwájú èèyàn méje, kí mẹ́ta nínú wọn jẹ́ àwọn tó tún fẹ́ ka tiwọn ní ìjókòó yẹn kan náà. Ní àpérò kékeré, ẹni tí ẹ tọ́ka sí ìwé rẹ̀ ní ojú ìwé kejì lè wà ní ìjókòó iwájú tó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ẹ̀rù á bà yín o, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí yóò bi yín á tún àpilẹ̀kọ yín ṣe ju ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò jọ́nà lọ.

Iṣẹ́ kan, jọ́nà mẹ́ta

Ká ní ẹ ń ṣèwádìí bí àwọn èèyàn ṣe ń wo eré onípele lórí fóònù. Ẹ wo bí gbólóhùn àkọ́kọ́ ṣe máa yí padà bí ẹ bá ṣe ń yí jọ́nà padà.

Fún Screen, jọ́nà tíọ́rì fíìmù: "Nígbà tí ojú akọni bá ti gba ojú fóònù tán, kò sí ibòmíràn tí ojú òǹwòran lè sá lọ." Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó mú ìran kan, ẹ ó tú u ní àwòrán sí àwòrán, ẹ ó wá bá tíọ́rì fíìmù sọ̀rọ̀ lórí ìtóbi àti ìsúnmọ́.

Fún jọ́nà mídíà, New Media & Society: "Ìwádìí yìí lo ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àti ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ láti mọ ìgbà àti ibi tí àwọn òǹwòran ti ń wo eré lórí fóònù." Ìlànà ìwádìí ló kàn, bí ẹ ṣe yan àwọn èèyàn náà, àwọn ohun tí ẹ rí, ààlà iṣẹ́ náà. Kò sí ẹni tó máa béèrè bí kámẹ́rà ṣe rìn.

Fún International Journal of Cultural Studies: "Ẹni tó ń wo eré lórí fóònù lẹ́nu iṣẹ́ ń jí díẹ̀ padà nínú àkókò tí ó ti tà." Agbára, ìgbésí ayé ojoojúmọ́, ipò ẹni láwùjọ: àwọn ni yóò gbé àpilẹ̀kọ náà, eré fúnra rẹ̀ á sì jẹ́ ẹ̀rí láàárín àwọn ẹ̀rí mìíràn.

Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dára. Ohun tí kò dára ni kí ẹ kọ irú kìíní, kí ẹ fi ránṣẹ́ síbi irú kejì.

Ọ̀nà tó yá láti mọ ibi tí iṣẹ́ yín wà ni kí ẹ ṣí àwọn àtẹ̀jáde ọdún méjì tó kẹ́yìn, kí ẹ fò gbogbo àpilẹ̀kọ, kí ẹ lọ tààrà sí ìwé ìtọ́kasí. Bí ẹ kò bá rí ìkankan nínú àwọn òǹkọ̀wé tí ẹ̀yin náà tọ́ka sí, ìjíròrò yín kọ́ ló ń lọ níbẹ̀. Ẹ tún wo irú ìtọ́kasí tí wọ́n ń lò. JCMS ń lo ìlànà Chicago pẹ̀lú àlàyé onínọ́ńbà, èyí tó fún òǹkọ̀wé láyè láti jiyàn ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Àwọn jọ́nà ICA ń lo APA, orúkọ àti ọdún nínú àkámọ́, kí òǹkàwé lè tètè rí bí ìwádìí náà ṣe jẹ́ tuntun tó.

Àwọn jọ́nà tó yẹ kí ẹ mọ̀

Láàárín àwọn jọ́nà fíìmù, Screen ni ìyá àgbà tíọ́rì. Oxford University Press ló ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún, Yunifásítì Glasgow sì ni olóòtú rẹ̀ ń jókòó sí. Òun ló gbé àpilẹ̀kọ onímọ̀ fíìmù Laura Mulvey, lórí bí fíìmù ṣe ń fi ojú ọkùnrin wo obìnrin, jáde ní 1975, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń kà títí di òní. Ó nira láti wọlé síbẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Film Quarterly, ti University of California Press, tí gbòǹgbò rẹ̀ lọ dé 1945, fẹ́ ọ̀rọ̀ tó já gaara tí ẹni tí kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n náà lè kà. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó nílò àpilẹ̀kọ oníwádìí gígùn fún ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ lè má rí ohun tó ń wá níbẹ̀. Camera Obscura ti wà láti 1976 fún ìmọ̀ ìṣègbefábo, lọ́wọ́ Duke University Press. Journal of African Cinemas, ti Intellect, bẹ̀rẹ̀ ní 2009. Black Camera sì wà lọ́dọ̀ Indiana University Press. Méjèèjì yìí ló máa gba yín lọ́wọ́ ìyọnu ṣíṣe àlàyé ohun tí gbogbo òǹkàwé wọn ti mọ̀.

Ní ti mídíà, Media, Culture & Society láti 1979 ń tọ́jú òwò àti òṣèlú mídíà dáadáa. Ní ti àṣà, Cultural Studies bẹ̀rẹ̀ ní 1987, Inter-Asia Cultural Studies ní 2000, Critical Arts sì ti wà ní South Africa láti 1980. Àwọn méjì tó kẹ́yìn yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò bó bá ti sú yín kí olùyẹ̀wò máa ní kí ẹ fi tíọ́rì láti Yúróòpù ṣáájú ohun gbogbo.

[in]Transition yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, fídíò ló sì ń gbé jáde: onímọ̀ á gé fíìmù, á tò ó, á fi ohùn tàbí ọ̀rọ̀ sí i, ìyẹn gan-an ni ìjiyàn rẹ̀. Àwọn olùyẹ̀wò kò fara pamọ́. Orúkọ wọn àti ohun tí wọ́n sọ ń jáde pẹ̀lú fídíò náà, kí òǹkàwé rí bí wọ́n ṣe gbà tàbí kọ̀. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù ìbáwí lẹ́yìn, kó lọ ka àwọn àyẹ̀wò yẹn fún ọjọ́ kan. Ilé ẹ̀kọ́ ńlá ni.

Ta ló ń sanwó?

Lórí ọ̀rọ̀ owó, jọ́nà oríṣi mẹ́ta ni ẹ máa sábà bá pàdé. Èyí àkọ́kọ́ ni ti àwọn ilé ìtẹ̀wé ńlá, níbi tí ilé ìkàwé ti ń sanwó fún kíkà, tí òǹkọ̀wé kò sì ní san kọ́bọ̀ àyàfi tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Kò di dandan kí ẹ san owó yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà kí ẹ fi ẹ̀dà tí àwọn olùyẹ̀wò ti fọwọ́ sí, tí wọn kò tíì tò fún títẹ̀, sí ibi ìpamọ́ yunifásítì yín lẹ́yìn àkókò kan.

Èkejì ni èyí tí òǹkọ̀wé àti òǹkàwé kò san nǹkan kan: NECSUS, Alphaville ní Yunifásítì Cork, Transformative Works and Cultures lórí àwọn olólùfẹ́ eré àti ohun tí wọ́n ń ṣe. Jump Cut náà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1974 gẹ́gẹ́ bí ìwé títẹ̀, wà lófẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Àwọn kan ṣì ń wò wọ́n bí ohun tí kò tó. Èmi ò gbà. Iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan lè ṣí lórí fóònù rẹ̀ láìwọlé sí ilé ìkàwé kankan ni wọ́n ń kà.

Ẹ̀kẹta ni ayédèrú. Ìméèlì á dé, á kí yín ní "ọ̀jọ̀gbọ́n tó gbajúmọ̀", á ní ẹ̀ẹ́ rí iṣẹ́ yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, orúkọ jọ́nà náà á sì gba gbogbo ìmọ̀ ayé pọ̀, láti fíìmù dé ẹ̀rọ. Owó á wá yọjú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti "gbà" á. Ẹ mú orúkọ mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ olóòtú wọn, ẹ wá wọn ní ojú ìwé yunifásítì tiwọn, bóyá wọ́n dárúkọ jọ́nà náà níbẹ̀. Ẹ tún wo DOAJ, àkójọ àwọn jọ́nà tó ṣí sílẹ̀ tó ti wà láti 2003. Jọ́nà gidi ní pápá yìí kì í yẹ iṣẹ́ wò láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Oṣù mẹ́ta yá, oṣù mẹ́fà kò ṣàjèjì, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ kan náà ránṣẹ́ sí jọ́nà méjì lásìkò kan.

Bí màá ṣe yàn án

Bí iṣẹ́ bá jẹ́ ti fíìmù, tí ẹ sì lè rìnrìn àjò lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ lọ sí NECS tàbí ẹgbẹ́ kékeré tó bá kókó yín mu, kí ẹ tó ronú SCMS. Bí ẹ bá ń wá iṣẹ́ olùkọ́ ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ yí padà: SCMS ni, torí ibẹ̀ ni àwọn tó máa ka ìwé ìwáṣẹ́ yín wà. Bí dátà àti òǹwòran ló gba iṣẹ́ yín, ICA ni, bó bá sì jẹ́ ìlànà àti òwò mídíà, IAMCR. Onímọ̀ àṣà tó ní sùúrù, kó dúró de ACS.

Bí kò bá sí owó ìrìn àjò rárá, ẹ má dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ kankan lọ́dún yìí. Ìpè fún àpilẹ̀kọ ń jáde ní gbangba. Ẹ wá àkànṣe àtẹ̀jáde tó bá kókó yín mu, torí olóòtú rẹ̀ ń wá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, ẹ fi àṣamọ̀ kúkúrú ránṣẹ́ sí i, kí ẹ wá fi owó ẹgbẹ́ san ẹni tó máa bá yín ka èdè iṣẹ́ náà kó tó lọ.